Irin Àrá Tí Mo Gé Kúrú

Mo ti purọ́ fún ẹ̀ṣọ́ ibodè, mo sì rìn kọjá. Mo ti purọ́ fún onílé mẹ́rin, mo ti pa á fún ọlọ́kọ̀ akẹ́rù tí mi ò lè ka iye wọn mọ́. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mú mi. Irin tí kò gùn ju apá mi lọ ló wá tú mi láṣìírí lójúmọmọ, níwájú àbúrò mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá fẹ́. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ẹ̀rín ń pa. Àmọ́ ẹ kà á dé ìparí, torí ó ṣeé ṣe kí irú irin yìí wà lẹ́yìnkùlé tiyín náà, kẹ́ ẹ má sì mọ bó ṣe gùn tó.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ ni mo fi rìn káàkiri. Mo wa ọkọ̀ agégi, mo já ẹrù ní èbúté, mo ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Nígbà tí orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ dìde, mo gbé àpò mi, ó di ilé àbúrò mi obìnrin. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù sílé, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ.

Àbúrò mi ò tíì jẹ́ kí n gbé àpò sílẹ̀ tó fi sọ ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé mi ni ilé yín. Yàrá wà, oúnjẹ wà. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Olóògbé purọ́ fún mi fún ogún ọdún, mo fara dà á torí pé ọkọ mi ni. Agbára irọ́ ti tán lára mi. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá purọ́ fún mi, ẹ gbé àpò yín."

"Èmi kẹ̀?" ni mo wí. "Irọ́ wo ni arúgbó tún fẹ́ pa?"

"Irọ́ arúgbó ló máa ń pọ̀ jù," ni ọmọ rẹ̀ dá sí i. "Àwọn tó lè já a ti kú tán."

Òun náà ló sọ mí ní Bàbá Alárìnká lọ́jọ́ yẹn. Orúkọ ọ̀hún ni gbogbo àdúgbò ń pè mí títí dòní.

Iṣẹ́ àbúrò mi ni kó máa gbọ́ ohùn àwọn dókítà tí wọ́n gbà sílẹ̀, kó máa tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, kó sì fi ránṣẹ́ padà. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń ṣe é, nínú yàrá kan tó dá dúró, tí wọ́n ń sin adìyẹ sí tẹ́lẹ̀. Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì jáde lábẹ́ òrùlé ilé ńlá, ó na gbọọrọ kọjá àgbàlá bí okùn aṣọ, ó sì wọ yàrá iṣẹ́ náà. Lọ́dún tó ṣáájú èyí, àrá sán sí pápá tó wà lẹ́yìn ọgbà. Kò fọwọ́ kan ilé rárá, síbẹ̀ gbogbo ohun tó wà nídìí wáyà náà ló jóná. Láti ìgbà yẹn, bí òjò bá ti ṣú, àbúrò mi á sáré yọ wáyà bí ẹni tí ń yọ ọmọ nínú iná. Ó wá sú u. Ó ránṣẹ́ sí Ìyá Oníwáyà, tó ń ṣe iṣẹ́ iná.

Ìyá Oníwáyà jẹ́ obìnrin tó sanra díẹ̀, tó wọ ṣòkòtò tí àpò rẹ̀ pọ̀ ju àpò ṣọ́jà lọ. Ó yí ilé po lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló nàka sí wáyà.

"Ẹ wò ó, kò dìgbà tí àrá bá bọ́ sórí ilé yín. Tó bá ti bọ́ nítòsí, wáyà tó na síta báyìí á gbà á, bí olófòófó ṣe ń gba ọ̀rọ̀. Wọn ò bá a sọ ọ́, àmọ́ ó ti gbọ́, ó sì ti ń gbé e lọ sínú ilé."

"Kí la wá fẹ́ ṣe fún olófòófó?" ni àbúrò mi béèrè.

"Àpótí kékeré kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, kó tó wọlé. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dá a lọ́nà, kí wọ́n jù ú sílẹ̀. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ rí ilẹ̀ jù ú sí. Ilé ńlá ní irin tirẹ̀ nínú ilẹ̀, yàrá yìí ò ní. Tẹ́ ẹ bá fi adènà sẹ́nu ọ̀nà, tẹ́ ẹ ò sì fún un ní ilẹ̀kùn tó máa ti olè gbà jáde, inú ilé náà ni òun àtolè máa jọ wà."

Ó fa irin kan jáde nínú ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n fi bàbà bò ó, ó ń dán gbinrin, ó sì fi apá kan ga jù mí lọ.

"Gbogbo èyí ló máa wọlẹ̀. Orí rẹ̀ nìkan ló máa kù síta. N ó wá rì í fúnra mi lọ́jọ́ Ẹtì."

Ẹ ò rí i, ibẹ̀ ni mo ti la ẹnu mi.

"Rì kí ni? Kí obìnrin máa lu irin, kí èmi jókòó máa wò ó? Èmi tí mo ti gbẹ́ kànga ní ìlú méje?"

Méjì ni. Ọ̀kan nínú wọn ò sì lómi.

"Bàbá, ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn mi ò bá yín jà."

Ó wo àbúrò mi, àbúrò mi gbé èjìká sókè. Ó fi irin àti òòlù ńlá kan lé mi lọ́wọ́. "Ó dáa. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kan àpáta, ẹ pè mí. Ẹ má bá a jà. Ẹ pè mí."

Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Mo gbọ́ méjèèjì.

Lọ́jọ́ kejì, mo bọ́ ẹ̀wù, mo tutọ́ sọ́wọ́, mo gun àpótí ìjókòó kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin. Ó ń wọlẹ̀ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọ aṣọ. Mo tiẹ̀ ń kọrin. Nígbà tó jìn dé ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ mi, ó dún kọ́ọ́! Òòlù ta padà, ó kù díẹ̀ kó gbá mi lágbárí.

Mo fà á yọ, mo sún sí òsì. Kọ́ọ́. Mo sún sí ọ̀tún. Kọ́ọ́. Mo lọ sẹ́yìn yàrá. Ibẹ̀ ò tiẹ̀ jìn tó ìgbọ̀nwọ́.

Ọmọ àbúrò mi gbé omi wá fún mi. Ó dúró, ó ń wò mí.

"Bàbá Alárìnká, láti àárọ̀ lẹ ti ń lu irin yìí, kò kúrú. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kúrú."

"Gbé omi sílẹ̀, kó o máa lọ."

"Ṣé kí n pe Ìyá Oníwáyà?"

"Kó wá ṣe kí ni?"

"Ó ní tẹ́ ẹ bá kan àpáta..."

"Ta ló kan àpáta? Ìwọ lo rí àpáta?"

Ó wo irin, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ibi tọ́rọ̀ ti bàjẹ́ gan-an nìyẹn. Ká ní mo dákẹ́ ni, mi ò bá ṣì lè pe obìnrin náà. Àmọ́ mo ti ní kò sí àpáta. Ọkùnrin tó ti ní kò sí àpáta ò lè tún pe èèyàn wá wo àpáta.

Ayùn tí wọ́n fi ń gé irin kan wà ní yàrá ẹrù. Mo lọ mú un wá, mo ní kí n kàn wo bóyá ẹnu rẹ̀ ṣì mú.

"Ilẹ̀ ni ilẹ̀," ni mo ń sọ fún ara mi. "Ìgbọ̀nwọ́ kan nínú ilẹ̀, ilẹ̀ ni. Gbogbo gígùn irin nínú ilẹ̀, ilẹ̀ náà ni. Ṣé àrá máa gbé ọ̀pá ìwọ̀n dání ni?"

Ọlọ́gbọ́n ni mí o, ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni. Apá òkè ni mo gé, èyí tí òòlù ti lù lórí, kó lè dà bí ẹni pé ó jìyà kó tó wọlẹ̀. Mo rì í dé ibi tó lè dé, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò gba wákàtí kan. Iṣẹ́ burúkú kì í pẹ́ bí iṣẹ́ gidi.

Ìyókù ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi, ẹnu rẹ̀ sì ṣóńṣó. Ó dùn mí láti sọ ọ́ nù. Okùn ni kọ́tìnì yàrá mi wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ti wọ́ sílẹ̀ láàárín bí ikùn ọlọ́tí. Mo fi irin náà rọ́pò okùn. Ó bá fèrèsé mi mu bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, irin yìí mà dán o!" ni àbúrò mi wí nígbà tó wọlé. "Níbo lẹ ti rí i?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ní èbúté ló fún mi."

Irọ́ kì í dá rìn. Bó bá ti jáde nílé, ó máa ń yà pe àbúrò rẹ̀.

Ìyá Oníwáyà dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó gbé àwọn àpótí rẹ̀ kọ́, ó fi wáyà bàbà so ti yàrá iṣẹ́ mọ́ orí irin mi. Ó wo orí náà bó ṣe fẹ̀ lábẹ́ òòlù.

"Bàbá, ẹ mà ṣiṣẹ́ o! Ẹ ò kan òkúta?"

"Òkúta ńkọ́? Ọ̀kan tiẹ̀ tóbi tó ìkòkò. Mo fọ́ ọ."

Ọmọ àbúrò mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ha á.

"Ó ku wáyà tó máa so irin yìí pọ̀ mọ́ ti ilé ńlá, kí ilẹ̀ ilé méjèèjì di ọ̀kan," ni Ìyá Oníwáyà wí. "Ó sì ku kí n fi mítà wọn irin yìí wò bóyá ó mú ilẹ̀ dáadáa. Méjèèjì wà níbi iṣẹ́ mìíràn. N ó kó wọn wá lọ́jọ́ Ajé."

Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń fi mítà wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Aránṣọ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ti yọrí lókè ọgbà. Obìnrin náà kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan kọjá òun. "Ìyá Oníwáyà, tèmi ló kàn o! Ilé mẹ́ta la jẹ́ ládùúgbò yìí tó fẹ́ pè yín. Bàbá Alárìnká ni kẹ́ ẹ sì rán sí wa, kó wá bá wa rì í."

"Ẹ sinmi," ni mo dá a lóhùn, mo sì na àyà síta. "N ó yọjú."

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ojú ọjọ́ ṣú. Mo jókòó lábẹ́ òrùlé, mò ń ka wákàtí tó kù di ọjọ́ Ajé. Àbúrò mi yọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ àrá lọ́ọ̀ọ́kán. Ó yẹ kí n yọ wáyà, àmọ́ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ló wà lórí ẹ̀rọ yìí, wọ́n sì ń retí rẹ̀ kó tó di aago márùn-ún. Ẹ̀yin lẹ rì irin yẹn. Ṣé ó wọlẹ̀ dáadáa?"

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, ẹ̀yin òǹkàwé. Ọ̀nà àbáyọ ló ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi yẹn. Mi ò tiẹ̀ ní láti jẹ́wọ́. Kí n ṣáà ní, "Yọ ọ́ ná, ìṣọ́ra ò pa ẹnikẹ́ni." Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Mo wá rí ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń wò mí, ẹ̀rín músẹ́ yẹn lẹ́nu rẹ̀.

"Ó wọlẹ̀ bí gbòǹgbò," ni mo wí. "Máa ṣiṣẹ́ rẹ."

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lu fèrèsé ilé ńlá. Ó dìde, ó sáré kọjá mi, ó ní òun ń lọ tì wọ́n. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Wọn ò tíì ti èkejì tí gbogbo àgbàlá fi funfun báláú. Mànàmáná àti àrá dé pa pọ̀, láìsí àyè kankan láàárín wọn, sórí igi tó dá wà nínú pápá. Ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Nínú yàrá iṣẹ́, nǹkan kan dún pàà, bí ìgbà tí táyà bá bẹ́.

Nígbà tá a wọbẹ̀, èéfín ló pàdé wa. Àpótí tó wà lára ògiri ti là sí méjì, ó sì fi dúdú sára ògiri bí àtẹ́lẹwọ́. Kọ̀ǹpútà ti kú fin-ín. Èérún àpótí náà kan, tó ṣì gbóná, bọ́ sórí àga tí àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò. Ó ti jó tìmùtìmù rẹ̀ wọnú.

Àbúrò mi ò sunkún. Ó fi ìka kan kan ihò tó wà lára àga. Ó wá mú fóònù.

"Ìyá Oníwáyà! Ẹ̀yin lẹ ní àpótí yín máa dáàbò bò mí! Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti lọ! Díẹ̀ ló kù kí èmi náà bá a lọ!"

Mo ń gbọ́ ohùn ìyẹn nínú fóònù. "Ọ̀rẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Mo ní n ó padà wá lọ́jọ́ Ajé láti wá wọ̀n ọ́n."

"Ṣé àrá ló máa dúró de ọjọ́ Ajé?"

Orí aránṣọ ti yọ lókè ọgbà nínú òjò, láìborí. "Yéè! Ẹ gbà mí o! Ẹ má jẹ́ kí obìnrin yẹn dé ọ̀dọ̀ mi." Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ní àwọn ò ṣe mọ́.

Èmi ńkọ́? Kí ni mo ṣe? Mo mi orí. Mo ní, "Àwọn oníṣẹ́ òde òní. Ẹnu nìkan ni wọ́n ní."

Irin tí mo gé, ìgbéraga ló fà á. Ọ̀rọ̀ yìí, ìkà ni. Òun ni kì í jẹ́ kí n lè wo ara mi nínú dígí. Ọmọ àbúrò mi ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kankan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyẹn sì bà mí lẹ́rù ju àrá lọ.

Ìyá Oníwáyà ò dúró de ọjọ́ Ajé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló dé, mítà lábẹ́ apá. Ojú rẹ̀ wú bí ẹni tí kò sùn. Aránṣọ ti gbé àpótí ìjókòó síbi ọgbà, ó ti gùn ún, ó ti fi apá lé ògiri bí ẹni tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ máa sọ," ni Ìyá Oníwáyà wí. Ó gún irin wẹ́wẹ́ méjì mọ́lẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó so wáyà mítà mọ́ wọn àti mọ́ irin mi. Ó wo mítà. Ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún un wò.

"Mítà yìí ní kò sí irin níbí."

"Kò sí irin báwo?" ni àbúrò mi wí. "Irin nìyẹn, ẹ̀ ń wò ó."

"Èmi náà ń wò ó. Mítà ni ò rí i."

"Bóyá òjò ti wọnú mítà," ni mo wí. Ohùn mi tín-ín-rín bíi ti òròmọdìyẹ.

Ó yíjú sí mi. Kò pariwo. "Bàbá, báwo lẹ ṣe ní ó wọlẹ̀ tó?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó kúnlẹ̀, ó tú ìdè bàbà, ó sì fi ìka méjì di orí irin náà mú. Ó fà á bí ẹni fa àlùbọ́sà ní ebè. Kò tiẹ̀ janpata. Irin jáde, ẹrẹ̀ lára rẹ̀, ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí ayùn ti gbà, ó sì ń dán lójú gbogbo wa.

Aránṣọ ló kọ́kọ́ rí ohùn.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?"

"Orógùn mi gùn jù báyìí lọ," ni Ìyá Oníwáyà wí. "Bàbá, ìyókù ńkọ́?"

Mo wo ojú ọ̀run. Ojú ọ̀run ò ní ohun tó fẹ́ bá mi sọ.

"Màmá, ẹ dúró," ni ọmọ àbúrò mi wí. Ó wọlé. A gbọ́ tí nǹkan wó nínú yàrá mi. Ó jáde, ó gbé ìyókù náà lé èjìká bí ẹni gbé àsíá, kọ́tìnì olódòdó mi ṣì wà lára rẹ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ó fi ìdí kan kan ìdí kejì. Wọ́n bára mu bí ìbejì.

"Ọ̀rẹ́ wọn ní èbúté ló fún wọn," ló wí.

Ẹ̀rín bẹ́. Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí àpótí fi yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó pòórá lẹ́yìn ògiri, tá a sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ìyá Oníwáyà fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí ojú àbúrò mi.

"Ẹ̀gbọ́n. Lánàá tí mo bi yín bóyá irin yìí wọlẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀?"

Mo ní irọ́ mẹ́ta nílẹ̀ tó ti ṣe tán. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ dára gan-an.

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì wò mí tí mo padà lọ jókòó sórí àga yẹn?"

"Mo wò ọ́, Àbúrò."

Ẹ̀rín dá.

Kò sẹ́ni tó ní kí n lọ. Mo ṣáà mọ òfin ilé. Mo wọlé, mo kó ẹ̀wù mẹ́ta àti bàtà mi, mo gbé àpò. Nígbà tí mo jáde, àbúrò mi jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó sì dí ọ̀nà.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ìwọ náà lo sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo bá purọ́, kí n gbé àpò."

"Mo sọ ọ́. Àmọ́ mo gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń di ẹrù. Ẹ ò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n, lílọ ò ṣòro fún yín. Ọgbọ̀n ọdún lẹ ti fi ń lọ. Ẹ ò sí níbẹ̀ nígbà tí Bàbá wa kú, ẹ ò sí níbẹ̀ nígbà tí ọkọ mi kú. Tí mo bá lé yín, ìsinmi ni mo fún yín. Ẹ gbé àpò yẹn sílẹ̀."

Mo yí padà sí ilẹ̀kùn.

"Mi ò ní kẹ́ ẹ gbé e wọlé o! Lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ló máa wà títí n ó fi mọ ohun tí n ó ṣe sí yín."

Ó kọ́kọ́ ní kí n lọ sí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí n mú irin kúkúrú náà dání, kí n sì sọ ẹni tó gé e. Mo lọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, mo ní ó kúkú ti gbọ́.

"Mo gbọ́," ló wí, ó sì fa àga jókòó. "Àmọ́ ẹ tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n gbọ́ àárín rẹ̀ dáadáa."

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ó ti pe Ìyá Oníwáyà padà.

Nígbà tí mo dé ilé, Ìyá Oníwáyà ti gbé irin tuntun dé. Ó ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan gún ilẹ̀ káàkiri. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, níbi tí omi òjò ń gbà kọjá.

"Níhìn-ín, àpáta jìn díẹ̀. Bàbá, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ yìí gbọọrọ, kó gùn tó irin, kó jìn dé itan yín. A máa tẹ́ irin sínú rẹ̀ bí ẹni tó sùn."

Ẹnu mi là sílẹ̀. "Ṣé ó ṣeé tẹ́?"

"Ó ṣeé tẹ́. Tí àpáta ò bá jẹ́ kó nàró, á dùbúlẹ̀. Irin ò ní ìgbéraga." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ pè mí nìyẹn. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà, mi ò sì fi mítà wọ̀n ọ́n kí n tó jẹ́ kí wọ́n lo wáyà."

Ọjọ́ méjì ni mo fi gbẹ́ ẹ. Yàrá adìyẹ àtijọ́ ni mo sùn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó jóná. Nínú ilé, àbúrò mi ń fi kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ tún iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀. Mo ń gbọ́ ìró ìka rẹ̀ látojú fèrèsé, bí òjò wẹ́wẹ́. Kò yọjú wò mí. Ọmọ rẹ̀ ló gbé àga wá sẹ́bàá kòtò.

"Bàbá Alárìnká, kànga ìlú kẹjọ nìyí?"

"Ìkẹta," ni mo wí. "Méjì péré ni mo gbẹ́ rí."

Ó wò mí pẹ́. Ó wá sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì gbẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ kí n lè sinmi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a tẹ́ irin. A bò ó, a gún ilẹ̀ rẹ̀ kó le. Ìyá Oníwáyà so ó pọ̀ mọ́ ti ilé ńlá, ó gbé àpótí tuntun kọ́, ó sì fi mítà wọ̀n ọ́n. Ó yí ojú mítà sí àbúrò mi tó ti jáde wá wò.

"Irin wà níbí báyìí. Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Bí àrá bá ń sán, ẹ ṣì máa yọ wáyà. Irin ń ranni lọ́wọ́ ni. Kò bá àrá ṣe àdéhùn."

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ mi kò pọ̀. Ẹ lọ béèrè ibi tí irin ilé yín wọlẹ̀ dé, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ní mítà wọ̀n ọ́n. Tí iṣẹ́ bá sì kọjá agbára yín, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ti ru ẹrù tó wúwo láyé mi, mi ò tíì rí èyí tó wúwo tó "mo ti kan àpáta."

Nígbà tí Ìyá Oníwáyà lọ tán, mo rìn dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Àpò mi ṣì wà níbẹ̀, ìrì ti sẹ̀ sí i fún òru méjì. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ fọwọ́ sí.

"Àbúrò, iṣẹ́ ti parí. Ṣé kí n gbé àpò lọ ni, àbí kí n gbé e wọlé?"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró síbi ẹsẹ̀.

"Ẹ fọ ẹsẹ̀ yín ná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ ni."

Mo fọ̀ ọ́ dé orúnkún.